Ogójì Ọdún Tí Mo Fi Jẹ́ Akọ-Ìjì Lẹ́nu Ara Mi

Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí. Mo ní ìyàwó kan, eyín mẹ́tàdínlógún àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Irọ́ kan ṣoṣo ni mo pa láyé mi. Òótọ́ ni pé irọ́ náà gbà mí ní ogójì ọdún, ṣùgbọ́n ẹyọ kan náà ni.

Mo ń sọ ọ́ fún yín kí ẹ̀yin tí eyín yín ṣì pé lè fi mí kọ́gbọ́n.

Àwọn àgbà inú yín á rántí fíìmù Akọ-Ìjì àtijọ́. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ bi àwọn òbí yín. Ọkùnrin kan ni, tó fi ìbòjú aláwọ̀ ewé bojú, tó wọ ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ ara, tí aṣọ gígùn kan so mọ́ ọrùn rẹ̀, tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí olè bá ja báńkì, Akọ-Ìjì á bẹ́ sílẹ̀ láti orí òrùlé. Bí ilé bá ń jó, Akọ-Ìjì á fẹnu fẹ́ iná náà pa. Bó bá kàn dúró lásán, aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń fẹ́. Kò sí ibi tí Akọ-Ìjì wà tí atẹ́gùn kò sí, ìbáà jẹ́ inú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa.

Èmi ni atẹ́gùn náà.

Fáànù ràgàjì kan la ní, ọwọ́ la fi ń yí i. Bí ọ̀gá tó ni fíìmù bá ti pariwo pé, "Afẹ́fẹ́!" èmi á ti sáré dé ìdí rẹ̀, mà á sì máa yí i bí ẹni tí ajá ń lé. Ọdún mẹ́jọ, fíìmù mẹ́fà. Apá mi ọ̀tún ṣì tóbi ju tòsì lọ títí dòní.

Ẹni tó wà nínú ìbòjú ni ọ̀rẹ́ mi, Káfíńtà. Iṣẹ́ pákó ló bá dé ọ̀dọ̀ wa. Òun ló ń kan àwọn ògiri tí a máa ń wó lulẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wo èjìká rẹ̀, ó wo àyà rẹ̀, ó ní, "Ìwọ, ju òòlù yẹn sílẹ̀." Bó ṣe di Akọ-Ìjì nìyẹn.

Òfin kan ni ọ̀gá ní: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó wà nínú ìbòjú. Ó fẹ́ kí aráyé gbà pé Akọ-Ìjì wà lóòótọ́. Orúkọ Káfíńtà kò sí lára pósítà, kò sí nínú fíìmù. Àwa mọ́kànlá la búra. Káfíńtà pa ìbúra náà mọ́ débi pé kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Èmi náà pa á mọ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé Káfíńtà ni.

Mo kàn sọ pé èmi ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Ọmọge kan ló jókòó tì mí ní sinimá. Wọ́n ti Akọ-Ìjì mọ́ inú ilé onírin, ọmọge yìí sì ń sunkún bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Mo tẹ̀ sí i létí, mo ní, "Má sunkún mọ́. Ó máa jáde."

Ó nu imú. "Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìdáhùn méjì ló wà níwájú mi. Mo lè sọ pé, "Èmi ni mo ń yí fáànù wọn." Mo wo ojú rẹ̀. Mo wo omijé tó dúró síbẹ̀. Mo ní, "Nítorí pé èmi ni mo jáde."

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, a ṣègbéyàwó. Láti ìgbà náà, bí àlejò kò bá ti sí nílé, "Akọ-Ìjì mi" ló ń pè mí. Bí ọmọ bá ké lóru, Akọ-Ìjì mi, ẹ gbé e. Bí eku bá wọ ilé ìdáná, Akọ-Ìjì mi, ẹ dìde. Mo ti bá eku jà ju bí Akọ-Ìjì gan-an ṣe bá olè jà lọ.

Nígbà tí ọ̀gá kógbá sílé, mo kọ́ṣẹ́ fáànù títúnṣe, mo sì fi ọgbọ̀n ọdún ṣe é kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó mi a máa sọ fún àwọn oníbàárà pé, "Ẹ má wulẹ̀ wò ó báyìí o." Wọn kì í wò mí.

Ọdún tó kọjá ni rédíò kéde pé wọ́n fẹ́ ṣe Akọ-Ìjì tuntun, ti ìgbàlódé. Wọ́n ní èyí máa ní ìdààmú ọkàn. Ó máa ń dá sunkún, ó máa ń lọ rí dókítà tó ń gbọ́ ẹjọ́ inú. Ìbòjú rẹ̀ kò ní í jẹ́ aláwọ̀ ewé mọ́, dúdú ni, torí ìbànújẹ́ ló wà lóde báyìí. Atẹ́gùn rẹ̀ pàápàá, kọ̀ǹpútà ni yóò máa fẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n olùdarí fíìmù náà ní ìran tó kẹ́yìn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́ lòun máa ṣe é. Ẹni tó wọ ìbòjú nígbà náà gan-an ni yóò jáde lórí òrùlé, tí yóò fi ìbòjú náà lé Akọ-Ìjì tuntun lọ́wọ́. "Bó bá wà láàyè," ni wọ́n wí, "kó jọ̀ọ́, kó fara hàn."

"Ó wà láàyè!" ni ìyàwó mi pariwo mọ́ rédíò. Rédíò kò dá a lóhùn. Ló bá gbé fóònù.

Olùdarí náà wá sílé wa fúnra rẹ̀. Obìnrin kan ni, tí kò tíì pé ogójì ọdún, tó ní awò méjì: ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí. Ó jókòó sí etí àga bí ẹni tó wọ ibi mímọ́.

"Bàbá," ó ní, "ṣé ẹ̀yin ni?"

Ibẹ̀ ni mo ti lè gba ara mi là. Mo ṣáà rò ó o. Mo wo ìyàwó mi. Ó ti wọ aṣọ òde sínú ilé, ó gbé ife omi mẹ́ta lórí àwo, àwọn ife náà sì ń lu ara wọn nítorí ayọ̀ ọwọ́ rẹ̀. Mo tún ro àwa mọ́kànlá tí a búra. Ọ̀gá ti kú. Mẹ́jọ nínú àwa tí a búra ti kú, ẹnì kan kò rántí orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Ó ku èmi àti Káfíńtà. Káfíńtà kì í sì í sọ̀rọ̀.

Mo wú àyà, ìwọ̀nba tó kù níbẹ̀. "Èmi ni."

Omi lé sójú obìnrin náà. "Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, ẹ̀yin ni mo fẹ́ dà."

Ó gbé ìwé àdéhùn síwájú mi, mo bọwọ́ lù ú. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo lò, ọwọ́ fáànù.

Ọjọ́ kejì ọjọ́ náà, nígbà tí ìyàwó mi lọ ọjà, ni Káfíńtà yà sílé mi. Ẹ ní láti mọ irú ẹni tó jẹ́. Ó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ lò bí ìṣó. Kì í kan èyí tí kò ní í di nǹkan mú. Ó jókòó títí, ó ń wo ẹsẹ̀ tábìlì mi bóyá ó dúró dáadáa.

"O gbọ́ rédíò?"

"Rédíò wo?"

"Wọ́n ń wá mi."

Mo gbé ife omi mi, mo rí i pé kò sí omi nínú rẹ̀, mo sì mu ún bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀gá ti lọ," ó ní. "Mo ti rò ó títí. Mo gbà pé òun àti ìbúra yẹn la jọ sin. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi mọ̀. Wọ́n rò pé pákó nìkan ni mo mọ̀ láyé mi." Mi ò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ tó báyẹn rí. "Mi ò ní fọ́tò, mi ò ní ìwé. Ìwọ nìkan ni ẹlẹ́rìí mi. Bá mi lọ bá wọn, kó o sọ ohun tójú rẹ rí."

"Àwọn onífíìmù yìí," mo ní, "wọn kì í fẹ́ ká dé bá wọn láàárín ọ̀sẹ̀. Jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Kò burú. Mo ti dúró fún ogójì ọdún." Ó dìde. "O ṣeun."

Ẹ gbọ́ o. Ó dúpẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, mo ní ọ̀fìnkìn ń ṣe mí. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo ní olùdarí rìnrìn-àjò. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde nígbà tí mo gbúròó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, mo fo ọgbà aládùúgbò. Bí kámẹ́rà bá wà níbẹ̀ ni, fíìmù kan ì bá ti tibẹ̀ jáde.

Àwọn onífíìmù ní kí n wá wọ aṣọ Akọ-Ìjì wò. Aṣọ àtijọ́ gan-an ni wọ́n rí nínú àpótí kan, obìnrin aránṣọ sì wà nídìí rẹ̀ tó ń fi abẹ́rẹ́ há a mọ́ mi lára.

"Bàbá, èjìká dà?"

"Ọjọ́ orí ti gbà á."

"Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ẹ wo bí ṣòkòtò ṣe ń wọ́lẹ̀. Ṣé ọjọ́ orí máa ń gé ẹsẹ̀ kúrú ni?"

"Àìsàn kan ló ṣe mí."

Ó wò mí lókè, ó wò mí nísàlẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ mẹ́jọ ló wà lẹ́nu rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ló yọ mí lọ́jọ́ náà.

Nílé, ìyàwó mi ti sọ fún ará ìsàlẹ̀, ó ti sọ fún ará òkè, ó ti sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Nọ́ọ̀sì náà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó ní bóyá ẹ̀rọ ló bàjẹ́.

Ó ku ọ̀la kí a ya fíìmù, ìyàwó mi bá mi nínú yàrá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Akọ-Ìjì mi, mo ti ṣe nǹkan kan tó máa dùn mọ́ yín."

"Kí ni?"

"Mo ti pe Káfíńtà. Ọ̀rẹ́ yín àtàtà, ẹ ò tiẹ̀ pè é! Ó bi mí pé kí lòun ń bọ̀ wá wò. Mo ní kó ṣáà máa bọ̀, ìyàlẹ́nu ni."

Mo jókòó sórí ibùsùn. "Ìyàlẹ́nu ni lóòótọ́," mo ní.

Òrùlé ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan la ti ya á, lọ́sàn-án gangan. Ọgọ́ta ènìyàn, kámẹ́rà mẹ́rin. Akọ-Ìjì tuntun jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan tí ikùn rẹ̀ dà bí àtẹ̀gùn ilé. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi pẹ̀lú aṣọ dúdú rẹ̀ lọ́rùn. Mo ní kó dìde, pé kò yẹ bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn òótọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ lóṣù náà nìyẹn.

Mo dúró síbi tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí. Láti inú ihò ìbòjú ni mo ti rí wọn lẹ́yìn okùn: ìyàwó mi ń juwọ́, Káfíńtà dúró tì í. Ó wo ìbòjú náà. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo apá mi ọ̀tún. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó ká a sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi sápò.

"Bàbá, ọwọ́ ní ìbàdí, àyà síta," ni olùdarí ń sọ. "Ẹ dúró gbọn-in gbọn-in. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má mira. Gbogbo ilé, ẹ dákẹ́. Kámẹ́rà!"

Kámẹ́rà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjú sí mi.

"Afẹ́fẹ́!"

Ẹ̀yin ará mi, orí mi dúró síbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ló lọ.

Mo ti ká aṣọ ẹ̀yìn sábẹ́ abíyá kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo sáré la àárín kámẹ́rà kọjá, abẹ́rẹ́ ń já bọ́ lára mi, mo dé ìdí fáànù ńlá tó wà ní kọ̀rọ̀, mo ti ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń mójú tó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì na ọwọ́ ọ̀tún láti di ọwọ́ fáànù mú. Kò ní ọwọ́. Iná mànàmáná ló ń lò. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìbòjú lójú, tí mò ń yí òfuurufú.

"Bàbá," ni olùdarí ké láti ọ̀nà jíjìn, "kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

"Ọwọ́ rẹ̀," mo ní. "Ọwọ́ fáànù dà?"

Láàárín òrùlé lọ́hùn-ún, Akọ-Ìjì tuntun ṣì nawọ́ síwájú láti gba ìbòjú lọ́wọ́ ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi. "Akọ-Ìjì mi?" Ogójì ọdún ló ti ń pe orúkọ yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó máa dún bí ìbéèrè.

Mo bọ́ ìbòjú. "Kì í ṣe èmi," mo ní. "Fáànù ni mò ń yí. Ọkùnrin tó dúró ti ìyàwó mi yẹn ni Akọ-Ìjì. Ó ní kí n wá jẹ́rìí fún òun, mo sì wá gba ipò rẹ̀."

Ọgọ́ta orí yí padà. Olùdarí bọ́ awò orí, ó bọ́ ti ojú. Ó lọ bá Káfíńtà.

"Bàbá, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Ṣé ẹ ní ẹ̀rí kankan?"

Káfíńtà nàka sí mi. "Òun ni ẹ̀rí mi."

Obìnrin náà wò mí, èmi àti ṣòkòtò tó ń wọ́lẹ̀. Nínú ọgọ́ta ènìyàn yẹn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn fún mi ká ní wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú sí mi," ó sọ fún Káfíńtà, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹni yìí bọwọ́ lùwé pé òun ni. Lónìí ó ní òun kọ́, ẹ̀yin ni. Èwo ni kí n gbà? Bí mo bá tún gbé ẹlòmíì síwájú kámẹ́rà, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

Káfíńtà mi orí bí ìgbà tí wọ́n bá sọ fún un pé pákó kò tó. "O ò jẹ̀bi, ọmọ mi." Ó yọ fìlà rẹ̀, ó nà án, ó dé e. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ. Kò bojú wẹ̀yìn.

Wọ́n ya ìran náà láìsí arúgbó kankan. Wọ́n kàn fi ìbòjú sílẹ̀ lórí òrùlé tó ṣófo, tí tuntun wá bá a níbẹ̀. Fíìmù náà ti jáde. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní ìran yẹn ló jinlẹ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyàwó mi kò bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ó gbé àga, ó jókòó síwájú mi.

"Lọ́jọ́ sinimá yẹn. Fáànù lo ń yí nínú fíìmù tí mò ń sunkún lé lórí?"

Ẹ kíyè sí i: "o" ló sọ. Ogójì ọdún ló ti ń sọ "ẹ" sí mi.

"Fáànù ni."

"Mo rò pé Akọ-Ìjì ni mo fẹ́. Ìjì lásán ni mo gbé wọlé." Ó mí kanlẹ̀. "Ti èmi ṣì ń bọ̀. Káfíńtà ńkọ́?"

"Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó ń bá ọ sọ̀rọ̀. Kí ló bẹ̀ ọ́ pé kó o ṣe?"

"Kí n jẹ́rìí."

"Fún ta ni?"

"Olùdarí." Mo rò ó sí i. "Rárá. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ kí wọ́n mọ̀."

"Wọ bàtà rẹ."

Gbogbo wọn wà nílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà: ọmọbìnrin Káfíńtà tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì, àti ìyá wọn tó ń tòògbé ní igun yàrá. Káfíńtà wà lórí àga tó kàn fúnra rẹ̀. Kò kí mi, kò sì lé mi.

Mo dúró ní àárín yàrá bí ẹlẹ́jọ́, mo sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi jókòó tì mí. Ibi tí mo bá ti fẹ́ yára kọjá, ó ń fi igunpá gún mi.

Ọ̀gá ilé-ìwé gbọ́ mi títí, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, a ti gbọ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí òrùlé. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé irọ́ kọ́ lẹ tún ń pa lọ́wọ́?"

"Ọmọ mi, irọ́ tó ń gbéni ga nìkan ni mo mọ̀ ọ́n pa. Mi ò tíì rí ẹni tó purọ́ pé fáànù lòun ń yí."

Kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ilé-ìwé ni.

Mo bá sọ ti ọjọ́ tí bàbá wọn bẹ́ láti orí ògiri, tí bẹ́ẹ̀dì tí a tẹ́ dè é ti yẹ̀ kúrò nísàlẹ̀. Eegun ìhà méjì ló kán. Ó dìde, ó fọwọ́ sí ìbàdí, ó wú àyà, ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ọ̀gá fi ní ó tó. Lẹ́yìn náà ló ṣubú lé mi lọ́wọ́. "Èmi ni mo gbé e délé," mo ní. "A ti jọ fẹnu kò lójú ọ̀nà pé orí àkàbà ló ti já bọ́."

"Àkàbà wo?"

Ìyá tó ń tòògbé ni. Ojú rẹ̀ ti là kedere.

"Ẹ dúró ná. Ṣé ìhà tí mo fi omi gbígbóná jó fún oṣù méjì gbáko? Àkàbà gígùn tó wà lẹ́yìn ilé wa nígbà náà?" Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Mo la àkàbà yẹn! Mo gbé àáké, mo là á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo fi dáná, mo ní ó fẹ́ pa ọkọ mi!"

Káfíńtà ń wo ilẹ̀. "Àkàbà tó dára ni," ó ní.

"Ẹ sì jókòó tì mí, ẹ ń wò mí!"

"Mo ti búra."

Ọmọbìnrin rẹ̀ ti fọwọ́ bo ẹnu. Ó dìde, ó rọra lọ kúnlẹ̀ síwájú àga náà, ó wo bàbá rẹ̀ lójú bí ẹni tó ń ka ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ kéré. "Bàbá mi. Ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni."

Gbólóhùn kan náà tí mo sọ fún olùdarí nìyẹn. Kò dún bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi.

A jókòó títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Nígbà tí a ń lọ, Káfíńtà sìn wá dé ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó mi lọ síwájú. Ọkùnrin náà fọwọ́ ti ilẹ̀kùn, ó ń wo àwọn ìdè rẹ̀.

"O fo ti òjò," ó ní.

"Òjò wo?"

"Ti orí afárá. Wá lọ́la."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré ni mo fi pa irọ́ mi ní sinimá. Òótọ́ rẹ̀, ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ti ń lọ sọ ọ́ nílé Káfíńtà, a ò tíì dé fíìmù kẹta.